Má Bẹ̀rẹ̀, Má Fọhùn

"Tí ẹ bá ti gbọ́ 'kó', ó ti wọlé nìyẹn. Ẹ má wulẹ̀ dààmú ara yín láti fà á yọ, kò ní í tú títí ẹ ó fi wọ inú ilé mìíràn."

Mosúnmọ́lá tẹ irin náà mọ́ orúnkún ọkùnrin tó jókòó níwájú rẹ̀. Irin dún, ẹsẹ̀ ọkùnrin náà sì nà gbọnrangandan. Ó gbìyànjú láti ká a kò, kò ká. Ó bú sẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí àwọn àlejò máa ń rín lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kí ojú wọn tó là.

Gbọ̀ngàn ìgbàlejò Òkè-Ìrètí ni wọ́n wà. Orí òpó ni wọ́n kọ́ ọ lé, kò fara kan ilẹ̀ rárá. Èèyàn lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ó lè kúnlẹ̀, ó tilẹ̀ lè sùn gbalaja bó bá wù ú. Lórí ilẹ̀ pupa tó wà níta, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ dán irú rẹ̀ wò. Àwọn àlejò tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú láàárọ̀ ọjọ́ náà kò tíì mọ ìyàtọ̀. Inú wọn ń dùn pé wọ́n ti kúrò ní ayé bọ́ sórí ìràwọ̀ mìíràn, pé wọ́n dé ibi tí èèyàn ti lè mí láìwọ ìbòjú, tí omi ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ láìjẹ́ pé wọ́n jà fún un. Wọ́n ń fi ìka han ara wọn lójú fèrèsé bí ọmọ iléèwé.

Ohun tí wọ́n ń fi ìka hàn náà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó wọ ìlú. Ó ga tó ilé alájà kan, ó dúdú, ó tẹ́ẹ́rẹ́, bí òpó iná tí wọ́n gbàgbé láti fi gílóòbù sí. Òmíràn wà níwájú rẹ̀ díẹ̀, òmíràn sì wà lọ́ọ̀ọ́kán. Adúrótini ni àwọn tó kọ́kọ́ dé fi pè wọ́n. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni nígbà yẹn, nítorí níbikíbi tí èèyàn bá kọ́lé sí, kò ní í pẹ́ tí ọ̀kan á fi wá dúró tì í.

"Ṣé èyí náà lẹ̀ ń pè ní ẹranko?" Ọkùnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ de irin mọ́ lẹ́sẹ̀ ló béèrè. Ṣóníbárẹ́ lorúkọ rẹ̀. Kó tó jókòó ló ti sọ fún gbogbo ilé pé ọdẹ lòun, pé òun wà nínú àwọn tó pa ẹfọ̀n kí ẹfọ̀n tó tán láyé.

"Òun náà ni, sà."

"Eyín rẹ̀ dà?"

"Kò ní."

"Èékánná ńkọ́?"

"Kò ní."

"Ó wá lè sáré ni?"

"Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀ẹ́ tẹ́ẹ́ yára jù ú lọ."

Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Ṣóníbárẹ́ wò wọ́n yíká bí ẹni tó ti jàre ẹjọ́. "Ẹranko tí kò léyín, tí kò lè sáré, òun ló ń pa yín? Nílé, a ò bá ti kó o ṣe ọgbà."

"Ẹfọ̀n tí ẹ pa, ṣé ó mọ̀ pé ẹ ń bọ̀?"

"Tó bá mọ̀, ṣé màá rí i pa?"

"Àwa mọ̀," ni Mosúnmọ́lá wí. "Ojoojúmọ́ là ń rí i. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ là ń sá aṣọ sí. A mọ ohun tó ń ṣe, a mọ bó ṣe ń ṣe é, ó sì ń pa wá. A yìnbọn fún un, ọta wọlé, kò jáde, kò sì kúrò níbi tó dúró sí. A dáná sun ún, ó mu iná náà bí ẹní mu ẹ̀kọ. A fi katakata tì í, katakata ló wó. Ẹ bá wa fojú ọdẹ wò ó, sà. Èwo ló mọ iṣẹ́ jù nínú ẹ̀yin àti òun?"

Ẹ̀rín tán lẹ́nu wọn. Bó ṣe ń fẹ́ kó rí gan-an nìyẹn. Ọdún kẹfà rèé tó ti ń gba àlejò, ó sì ti mọ̀ pé ẹni tí kò bá bẹ̀rù ní gbọ̀ngàn ni wọ́n máa ń wá aṣọ rẹ̀ he lọ́nà. Aṣọ nìkan ni adúrótini kì í jẹ.

Ó nàka sókè ẹnu ọ̀nà, níbi tí wọ́n kọ òfin ìlú sí gàdàgbà: MÁ BẸ̀RẸ̀. MÁ FỌHÙN.

"Kò ní í yà sọ́dọ̀ ẹni tó bá wà lóòró," ó ní. "Ẹni tó bá ti lọ sílẹ̀ ló ń wá, ìbáà ṣe pé ó bẹ̀rẹ̀ ni o, ìbáà ṣe pé ó kúnlẹ̀ tàbí ó ṣubú. Adúrótini á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn wọ inú ilẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró, àtẹ́lẹsẹ̀ yín lásán lẹ ó ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tó wà nílẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ló máa wọ̀. Ara rẹ̀ á balẹ̀, á máa gbádùn ẹ̀, kò ní í rántí pé ó yẹ kí òun dìde. Adúrótini á wá rọra wọ́ lọ bá a."

Ìyàwó kékeré kan tó gbé ọmọ lẹ́sẹ̀ gbé ọwọ́ sókè. "Tí mo bá fẹ́ pọn ọmọ ńkọ́, mà?"

"Inú ilé lẹ ó ti pọ̀n ọ́n. Tó bá ń yọ̀ lẹ́yìn yín lóde, ẹ fà á wá síwájú, ẹ gbá a mọ́ àyà. Ẹ ò gbọdọ̀ tẹ̀ síwájú láti tún ọ̀já dì."

Ìyá Arínọlá, tó ń bá Mosúnmọ́lá to àwọn irin náà, gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀já ló pa ọmọ tiẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, lójú ọ̀nà kan náà tí wọ́n fẹ́ gbà yìí, Arínọlá tẹ̀ síwájú láti gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n dáadáa, kò sì nà mọ́. Òun àtọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ló lọ. Ìyá rẹ̀ la ẹnu láti pè é, Mosúnmọ́lá ló sì wà nítòsí. Òfin ní kí ẹni tó wà nítòsí bo ẹnu ìbátan ẹni tó lọ sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bò ó, ó sì dì í mú títí gbogbo rẹ̀ fi parí. Gbogbo ìlú yìn ín fún un. Láti ìgbà náà, Ìyá Arínọlá kì í bá a sọ ju ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lọ.

"Fífọhùn wá ńkọ́?" Ṣóníbárẹ́ ò tíì gbà. "Kí ló kan ohùn níbẹ̀?"

"Bí ẹnì kan bá ti wà nílẹ̀ lóde, ohùn máa ń fà á sára àwọn tó dúró. Lọ́dún àkọ́kọ́, ọ̀rẹ́ méjì kan ń lọ, ọ̀kan ṣubú. Èkejì ké pè é, ó bẹ̀rẹ̀ láti fà á dìde. Àwọn méjèèjì ló gbé mì."

"Ó bẹ̀rẹ̀, ó tún ké. Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé igbe ló pa á, tí kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀?"

"Ta lẹ fẹ́ ká fi dán an wò, sà?"

 Ìdáhùn tí wọ́n fún Mosúnmọ́lá nígbà tí òun náà béèrè nìyẹn.

Ẹni tó kẹ́yìn lórí ìlà ni Oyèníran, àbúrò Mosúnmọ́lá. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ ló ti rí i, tó ń ṣe bí ẹni pé òun ò rí i, kí omijé má baà bọ́ lójú òun níwájú àlejò. Ọmọ ọwọ́ ni Oyèníran nígbà tí ìyá wọn kú. Ẹ̀yìn òun ló dàgbà sí, òun ló fi ọwọ́ fún un lóúnjẹ, òun ló bá a lọ bẹ olórí iléèwé. Bó ti dé iwájú rẹ̀, ó ju àpò sílẹ̀, ó sì ti ń lọ sílẹ̀ kó dọ̀bálẹ̀.

"Dúró!" ni Mosúnmọ́lá ké mọ́ ọn.

Ó dúró.

"A kì í ṣe é níbí. Nínú ilé pàápàá, a kì í ṣe é, kí ara má baà mọ́ ọn. Gbé ọwọ́ sókè báyìí, ó ti tó."

Oyèníran gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró. Ojú tì í. Ọdún mẹ́wàá ló ti ń ro bí òun ó ṣe kí obìnrin yìí lọ́jọ́ tí àwọn bá pàdé. "Ẹ káàsán, Ẹ̀gbọ́n mi," ló sọ, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. Mosúnmọ́lá de irin mọ́ orúnkún rẹ̀ méjèèjì, ó gbójú kúrò lójú rẹ̀ bó ti ń ṣe é. Ó dùn ún wọra.

Wọ́n jáde. Àwọn àlejò ń rìn bí àkàn nítorí irin, Mosúnmọ́lá àti Oyèníran wà níwájú, Ìyá Arínọlá ń tọ̀ wọ́n lẹ́yìn pẹ̀lú àwọn ará ìlú díẹ̀ tó wá pàdé èèyàn wọn. Oòrùn mú, ilẹ̀ sì gbẹ. Bí wọ́n ti ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ adúrótini àkọ́kọ́, àwọn àlejò fún ara wọn pọ̀ sí apá kejì ọ̀nà, ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú kò tiẹ̀ gbójú wò ó.

 Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni Oyèníran ń wò.

"Ṣé inú ń bí ọ sí mi ni?" Mosúnmọ́lá béèrè.

"Rárá, mà. Mo kàn ń ro Tinúadé ni. Òun ni ì bá mọ ohun tó yẹ kí n sọ."

Tinúadé ni ìyàwó rẹ̀. Wọ́n ti sọ fún un ní ibùdó ọkọ̀ pé àyè ẹnì kan ló wà, pé kí ìyàwó àtọmọ dúró sílé, bóyá fúngbà díẹ̀, bóyá títí láé. Mosúnmọ́lá mọ̀. Ó ti mọ̀ láti oṣù mélòó kan, ó sì ti ṣe nǹkan kan nípa rẹ̀. Ó yẹ kó dákẹ́ títí wọ́n á fi dénú ilé, kó bọ́ irin lẹ́sẹ̀ ọmọ náà, kó fún un lómi mu, kó tó wá là á fún un. Bó ṣe rò ó nìyẹn láti ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n ojú tó ti í ní gbọ̀ngàn ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, ó sì fẹ́ rí ẹ̀rín rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

"Tinúadé àti ọmọ yín wà nínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn yìí," ó ní.

Oyèníran dúró. "Wọ́n ní kò sí àyè."

"Àyè wà. Èyí tí wọ́n fún mi láti fi padà sílé ni mo ní kí wọ́n gbé fún wọn."

"Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ò wá ní í padà sílé mọ́?"

"Ilé wo ni mo tún ní? Ìwọ nilé tí mo ní."

Ó rí ojú ọmọ náà bó ṣe yí padà, ó sì mọ ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀ kó tó ṣẹlẹ̀. Àwọn tó ṣe irin orúnkún ronú nípa ẹni tó ń ṣubú àti ẹni tó ń kúnlẹ̀. Wọn ò ronú nípa ọmọkùnrin tí wọ́n tọ́ dáadáa. Oyèníran kò ká orúnkún rárá. Ó ju gbogbo ara rẹ̀ síwájú lóòró gbọọrọ, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ilẹ̀, àyà rẹ̀ kanlẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀ gidi, irú èyí tí Mosúnmọ́lá fúnra rẹ̀ kọ́ ọ nígbà tí kò tíì ju ìgbọ̀nwọ́ lọ.

"Ẹ ṣé, mà! Ẹ ṣé! Ẹ ò ní í ṣe àṣedànù láyé! Ẹ ṣé!"

Ìkùn náà dé àtẹ́lẹsẹ̀ Mosúnmọ́lá kí ọmọ náà tó sọ̀rọ̀ tán.

Gbogbo èrò dúró. Ìyàwó kékeré yẹn fi ọwọ́ bo ẹnu ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Adúrótini tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ti kúrò lójú kan. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ lórí iyẹ̀pẹ̀, òkè rẹ̀ kò mì. Kò yára. Ohun tó ń ba èèyàn nínú jẹ́ nípa rẹ̀ nìyẹn, pé kì í yára, bí ẹni tó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa gba oúnjẹ lọ́wọ́ òun.

Oyèníran kò mira. Ọ̀rọ̀ ọpẹ́ ti tán lẹ́nu rẹ̀. Ara rẹ̀ ti balẹ̀, ẹ̀rín díẹ̀ wà létè rẹ̀, ó gbé orí sókè díẹ̀, ó ń wo ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mosúnmọ́lá mọ ohun tó ń retí. Ọmọ tó bá wà nílẹ̀ níwájú àgbà kì í dá dìde. Ó ń dúró kí wọ́n súre fún òun, kí wọ́n ní kí òun dìde.

Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Tó bá sọ ọ́, ohùn á fa ẹranko náà sáàárín èrò, sórí ìyàwó kékeré àti ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, sórí Ṣóníbárẹ́ alásọjù, sórí àwọn tó ti sùn nínú ọkọ̀ láti ayé dé ibí kí wọ́n lè yè. Òun ló kọ́ wọn lófin láàárọ̀ yìí. Òun ló ń kọ́ gbogbo ìlú láti ọdún mẹ́fà wá. Tí kò bá sì sọ ọ́, á dúró síbí, á máa wo ọmọ tí òun fi ẹ̀yìn òun pọ̀n, títí kò fi ní í ku nǹkan kan ju ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ.

Ìyá Arínọlá ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òun ló wà nítòsí jù. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó fi bo Mosúnmọ́lá lẹ́nu, gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí.  Kò tẹ̀ ẹ́ rárá, ó kàn gbé e lé e ni, ó sì ń wò ó lójú láìṣẹ́jú.

Adúrótini ku bí ìgbọ̀nwọ́ mélòó kan sí ẹsẹ̀ ọmọ náà. Òkè rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀.

Mosúnmọ́lá já ọwọ́ náà kúrò lẹ́nu. Ó mọ ohun tí òun ń ṣe. Ó ti ka gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn òun mọ́ òkú, ó sì ti yan ẹni kan ṣoṣo.

"Oyèníran! Dìde! Dìde, ọmọ ìyá mi! Wàá pẹ́ láyé, wàá jèrè ọmọ, dìde ńlẹ̀!"

Ẹ̀rín kúrò létè Oyèníran. Ó ṣẹ́jú bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Ó rí òjìji lára ilẹ̀, ó fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ sókè, ó ń fi ọwọ́ rìn padà sẹ́yìn nítorí ẹsẹ̀ tí kò ká, títí ó fi nà tán, tó dúró, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ìkùn náà dákẹ́.

Mosúnmọ́lá di ojú. Ó ń retí pé kó kan òun. Nígbà tó lajú, adúrótini náà ti nàró padà síbi tó dé, ó dúró jẹ́ẹ́. Kò sí ẹni tó sọnù nínú àwọn èrò. Ìyàwó kékeré wà níbẹ̀. Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ já ẹnu gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó sì fi igbe bọnu, igbe ńlá. Ẹranko náà kò tilẹ̀ mira.

"Ṣebí mo wí?" Ṣóníbárẹ́ pariwo, ó ń pàtẹ́wọ́. "Ṣebí mo wí pé kì í ṣe ohùn? Ẹ kàn pe èèyàn ni, á dìde!" Àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í hó, wọ́n ń dì mọ́ ara wọn, wọ́n ń pe orúkọ Ọlọ́run. Oyèníran fi ọwọ́ nu iyẹ̀pẹ̀ kúrò láyà, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n mi," ló ń sọ. "Ẹ ṣé. Ẹ ti gbà mí là."

Àwọn ará ìlú kò hó. Ọkùnrin kan nínú wọn tí ìyàwó rẹ̀ ṣubú lẹ́bàá kànga lọ́dún kẹta, ó yí padà, ó ń lọ sọ́nà gbọ̀ngàn láìdágbére fún ẹnikẹ́ni. Obìnrin kan ti fi ọwọ́ gbá orí mú.

 Gbogbo àwọn tó ti kú ló ń wá sí Mosúnmọ́lá lọ́kàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Aláìléyín ni ẹranko náà, òun, Mosúnmọ́lá, ló sì kọ́ ìlú bí wọ́n ṣe ń bá a ṣiṣẹ́. Àwọn ló ń dá ẹnu ara wọn dúró fún un. Ó ti ń jẹun lọ́wọ́ wọn láti ọdún àkọ́kọ́, kò sì fi ipá gba ẹnì kan rí.

Ó yíjú sí Ìyá Arínọlá. Ọwọ́ ìyá náà ṣì wà lókè níbi tó já a kúrò sí.

"Màmá," ó ní. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́." 

"Ẹnu mi lọmọ mi ń wò," ni Ìyá Arínọlá wí. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Bí àbúrò rẹ náà ṣe ń wo ẹnu rẹ. Ó yí orí padà látinú ibi tó bẹ̀rẹ̀ sí, ó ń wò mí. Mo ti ń rò ó láti ọdún tó kọjá pé kí ló ń wò."

"Màmá, mi ò mọ̀. Wọ́n sọ fún mi pé..."

"Mo mọ̀ pé o ò mọ̀. Àárọ̀ ọjọ́ náà la jà, èmi àti ẹ̀, torí ọ̀já yẹn náà. Mo ní kò mọ ọmọ pọ̀n." Ó rọra sọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì wo adúrótini tó dúró tì wọ́n. "Ó ń retí kí n pe òun, mi ò pè é. Ọmọ mi kú, Mosún, ó rò pé mo ṣì ń bínú sí òun."